Níbo Ló Wà Nínú Bíbélì? Bí Àwọn Kristẹni Yorùbá Ṣe Ń Bi Ìgbàgbọ́ Wọn Léèrè, Tí Wọ́n sì Ń Tún Un Kọ́

Bí Kristẹni kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í bi ìgbàgbọ́ rẹ̀ léèrè, kò túmọ̀ sí pé ó ti kọ Ọlọ́run sílẹ̀. Ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé ohun tí wọ́n kọ́ ọ láti kékeré àti ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń kà kò bára mu mọ́. Ó wá fẹ́ mọ èyí tó ti inú Bíbélì wá nínú ẹ̀kọ́ náà, èyí tó jẹ́ àṣà ìjọ, àti èyí tó jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu pásítọ̀ lásán. Láàrin Yorùbá, ìbéèrè méjì ni iṣẹ́ yìí máa ń gbà kọjá. Àkọ́kọ́ ni: níbo ló wà nínú Bíbélì? Èkejì le ju bẹ́ẹ̀ lọ: báwo ni Bíbélì fúnra rẹ̀ ṣe dé ọwọ́ wa? Àkọ́kọ́ ti pẹ́ lẹ́nu àwọn Yorùbá, òun ló sì bí púpọ̀ nínú àwọn ìjọ tó wà nílẹ̀ lónìí. Èkejì ń gbé ní fásitì, kò tíì rí ìjókòó nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Àlàfo tó wà láàrin méjèèjì ló ń kó àwọn tó ń béèrè lóde òní sí wàhálà.

Ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ dára fún wíwo ọ̀rọ̀ yìí ju ibi púpọ̀ lọ. Nígbà ìkànìyàn 2006, ènìyàn 1,277,714 ni wọ́n kà níbẹ̀, iye tó ju ti ìjọba ìbílẹ̀ èyíkéyìí mìíràn lọ ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ṣọ́ọ̀ṣì ibẹ̀ kò lóǹkà. Ní òpópónà kan ṣoṣo ní Ẹgbẹ́dá tàbí Ìgándò, Kérúbù àti Séráfù lè kọjú sí Christ Apostolic Church (CAC), kí ẹ̀ka Redeemed wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ti ń ta ìpara nísàlẹ̀, kí Deeper Life wà ní ìkángun, kí pátákó àwọn Àgùdà sì máa júwe ọ̀nà fún èrò. Bíbélì ni gbogbo wọn ń kà. Ẹni tó bá wọ Sẹ̀lẹ́ (Celestial Church) yóò bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà nítorí ohun tí Ọlọ́run sọ fún Mósè nídìí igbó tó ń jó. Ẹni tó bá wọ Deeper Life pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀ yóò gbọ́ pé yẹtí àti ẹ̀gbà ọrùn kò yẹ onígbàgbọ́. Ọmọ tí àwọn Áńgílíkà wọ́n omi sí lórí ní ọmọ ọwọ́ lè dàgbà kí CAC sọ fún un pé ìyẹn kì í ṣe ìrìbọmi, kí wọ́n rì í bọ omi. Kó tún ṣí lọ sí ìjọ mìíràn kí wọ́n ní kó tún un ṣe. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò nílò ìwé onímọ̀ kankan kí ìbéèrè tó wọ inú rẹ̀. Àdúgbò tó ń gbé ti tó.

Àwọn míṣọ́nnárì fúnra wọn ni wọ́n fi ìbéèrè àkọ́kọ́ lé Yorùbá lọ́wọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ohun tí wọ́n ní lọ́kàn. Thomas Birch Freeman, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní oṣù kẹsàn-án 1842. Henry Townsend láti CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì àwọn Áńgílíkà, dé ní oṣù kejìlá ọdún yẹn. Wọ́n kọ́ àwọn ènìyàn ní ìwé kíkà. Samuel Ajayi Crowther àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ sì ń túmọ̀ Bíbélì ní apá kan tẹ̀lé òmíràn, títí gbogbo rẹ̀ fi parí ní 1884. Ní 1900 ni wọ́n tẹ ẹ̀dà tí wọ́n dì pọ̀ sí ẹyọ ìwé kan, èyí tí púpọ̀ nínú àwọn àgbà ṣì ń gbé lọ sí ìsìn. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi kún un ni pé Ìwé Mímọ́ ló ní àṣẹ ìkẹyìn lórí ìgbàgbọ́. Ẹni tó bá kọ́ ènìyàn bẹ́ẹ̀, tó tún fi ìwé náà lé e lọ́wọ́ ní èdè ìyá rẹ̀, kò yẹ kó yà á lẹ́nu bí onítọ̀hún bá padà wá bi í pé ẹsẹ wo ló ń sọ.

Ọ̀rọ̀ ìyàwó púpọ̀ ló kọ́kọ́ gbóná. Òfin CMS ni pé ọkùnrin tó láya púpọ̀ kò lè ṣe ìrìbọmi àfi tó bá mú ọ̀kan, tó lé ìyókù lọ. Àwọn tó ti mọ ìwé kà wo Ábúráhámù, wọ́n wo Jékọ́bù àti Dáfídì, wọ́n wá dé 1 Tímótì 3, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti ní kí bíṣọ́ọ̀bù àti díákónì jẹ́ ọkọ aya kan. Wọ́n ní bó bá jẹ́ pé gbogbo ènìyàn lòfin náà dè, kí ló dé tó fi dárúkọ àwọn olóyè ìjọ nìkan? Ìjọ United Native African, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ 1891, kò lé olóbìnrin púpọ̀ sẹ́yìn. Lóòótọ́, Bíbélì nìkan kọ́ ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ìwọ̀sí tí àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì òyìnbó fi kan Crowther lórí iṣẹ́ ìhìnrere Odò Ọya ní 1890 ṣì ń dun àwọn ará Èkó, ọ̀mọ̀wé aláwọ̀ dúdú náà, Edward Blyden, sì ti dúró ní ilé ìwé Breadfruit ní ọjọ́ 2 oṣù kìíní 1891 tó ní kí àwọn aláwọ̀ dúdú ní ìjọ tiwọn. Ní 1901, wọ́n tún pínyà ní St Paul's Breadfruit nítorí ọ̀nà tí wọ́n gbà lé Bíṣọ́ọ̀bù James Johnson kúrò ní ilé ìjọ, ibẹ̀ sì ni African Church ti ṣẹ̀. Jacob Kehinde Coker, ọ̀kan nínú àwọn aṣíwájú rẹ̀, ní oko kòkó ní Agége, tó bá Alímọ̀ṣọ́ pa ààlà. Owó kòkó Agége wà lára ohun tí ìjọ náà fi tàn kálẹ̀.

Àwọn Áńgílíkà kò yí ohùn padà kíákíá. Ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù wọn ní Lambeth ní 1888 ní kí wọ́n má ṣe ìrìbọmi fún olóbìnrin púpọ̀. Ní 1988, Lambeth kan náà ní kí wọ́n gbà á wọlé pẹ̀lú àwọn ìyàwó àti ọmọ rẹ̀, bó bá ti lè ṣèlérí pé òun kò ní fẹ́ òmíràn mọ́. Ọgọ́rùn-ún ọdún gbáko! Àwọn tí wọ́n pè ní oníṣekúṣe ní 1891 kò sí láyé láti gbọ́ ọ.

Ìran kejì tó tún béèrè ni àwọn Aládùúrà. Àjàkálẹ̀ ọ̀fìnkìn tó pa ènìyàn bẹẹrẹ ní 1918 bá àwọn ọmọ ìjọ Áńgílíkà kan ní Ìjẹ̀bú-Òde níbi tí wọ́n ti ń gbàdúrà pọ̀, J.B. Shadare àti Sophia Odunlami wà lára wọn. Wọ́n gbé ìwé Jákọ́bù orí 5 síwájú: ibẹ̀ ní kí aláìsàn pe àwọn àgbà ìjọ kí wọ́n fi òróró kùn ún, kí wọ́n gbàdúrà. Wọ́n wá ìrìbọmi ọmọ ọwọ́ nínú Májẹ̀mú Tuntun, wọn kò rí i. Ní 1922, wọ́n kúrò nínú ìjọ Áńgílíkà. Láti inú ìṣísẹ̀ yìí, àti ìsọjí Joseph Ayo Babalola ní Iléṣà ní 1930, ni CAC ti jáde. Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì Apostolic Church láti ilẹ̀ Bírítéènì dé lẹ́yìn 1930, tí àwọn ọmọ ìjọ rí i pé wọ́n ń lo kunín sí ibà, ìbéèrè àtijọ́ tún dìde: kunín, níbo ló wà nínú Bíbélì? Ọ̀rọ̀ náà pín wọn níyà, orúkọ Christ Apostolic Church sì fìdí múlẹ̀ ní 1943.

Ibi tí ìbéèrè àkọ́kọ́ kù sí hàn gbangba nínú ìjà kunín yìí. Ẹni tó dìde pẹ̀lú Jákọ́bù 5 lè pàdé ẹni tó mú 1 Tímótì 5 dání, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti ní kí Tímótì mu wáìnì díẹ̀ nítorí inú tó ń dà á láàmú, tàbí Kólósè 4, tó pe Lúùkù ní oníṣègùn. Ẹsẹ kò tán lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí gbogbo ojú ewé Bíbélì bá jẹ́ bákan náà, tí kò sí ẹni tó béèrè ta ló kọ ọ́, ta ló kọ ọ́ sí, àti kí ló ń ṣẹlẹ̀ nígbà náà, ẹni tí ohùn rẹ̀ bá ròkè jù ni yóò borí.

Ìbéèrè kejì náà kì í ṣe ti òyìnbó nìkan bí àwọn kan ṣe rò. John William Colenso, bíṣọ́ọ̀bù Natal ní gúúsù Áfíríkà, ń túmọ̀ Bíbélì sí èdè Zulu nígbà tí William Ngidi, ọmọ Zulu tó ń ràn án lọ́wọ́, bi í bóyá ìtàn ìkún omi Nóà ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ gan-an, tí gbogbo ẹranko ayé fi wọ ọkọ̀ kan. Colenso rí i pé òun kò lè fi ọkàn mímọ́ dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Láti 1862 ló ti ń tẹ ìwé jáde lórí ìwé Mósè àti Jóṣúà, tó ń ka iye ènìyàn, iye ẹran àti iye ọjọ́ tí wọ́n kọ síbẹ̀, tó ń fi hàn pé ìṣirò náà kò jọra. Bíṣọ́ọ̀bù Gray ní Cape Town yọ ọ́ nípò ní 1863. Ìgbìmọ̀ ọba ní Lọ́ńdọ̀nù sọ ní 1865 pé Gray kò ní àṣẹ láti ṣe bẹ́ẹ̀. Colenso kò kúrò nínú ìgbàgbọ́. Títí ó fi kú ní 1883 ló ń wàásù, tó sì ń gbèjà àwọn Zulu lọ́wọ́ ìjọba òyìnbó.

Nílẹ̀ Yorùbá, inú ilé ẹ̀kọ́ gíga ni irú iṣẹ́ yìí wọ̀ sí. Ṣáájú ìyẹn, ajíhìnrere kan ní Oǹdó, E.M. Lijadu, ti lọ jókòó ti àwọn babaláwo kó lè mọ ohun tí àwọn baba ńlá mọ̀ nípa Ọlọ́run. Ó tẹ ìwé rẹ̀ kan lórí Ifá ní 1897, ó tẹ òmíràn lórí Ọ̀rúnmìlà ní 1908. Yunifásítì Ìbàdàn ṣí ẹnu ọ̀nà ní 1948. Níbẹ̀ ni Bolaji Idowu, tó padà di olórí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Nàìjíríà, ti kọ ìwé rẹ̀ lórí Olódùmarè ní 1962, tó sì kọ òmíràn ní 1965 lórí bí ìjọ ṣe lè jẹ́ ti onílé. J.F. Ade Ajayi tẹ ìtàn àwọn míṣọ́nnárì jáde ní 1965, E.A. Ayandele tẹ tirẹ̀ ní 1966, àwọn méjèèjì sì fi hàn pé ìhìnrere, òwò àti òṣèlú jọ wọ ọkọ̀ kan náà wá ni. Ọmọ Ìgándò lónìí kò nílò kó lọ sí Ìbàdàn. Ọ̀nà LASU sí Ìṣẹ́rí gba àdúgbò rẹ̀ kọjá lọ sí Ọ̀jọ́, níbi tí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1983, ti ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn. Ọ̀pọ̀ pásítọ̀ tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìjìnlẹ̀ Bíbélì ló ti gbọ́ ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Wọ́n gba ìwé ẹ̀rí, wọ́n fi ẹ̀kọ́ náà sínú àpò, wọ́n gun orí pẹpẹ lọ wàásù bí ẹni pé wọn kò gbọ́ ọ rí. Àwọn ìwé náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ti èdè Gẹ̀ẹ́sì tán. Ìwé tó fi Yorùbá tó já gaara ṣàlàyé ìtàn bí Bíbélì ṣe di Bíbélì fún ọmọ ìjọ lásán ṣọ̀wọ́n gidigidi.

Kí ni ìbéèrè kejì yìí máa ń bá pàdé? Ẹni tó bá fara balẹ̀ ka Jẹ́nẹ́sísì yóò rí i pé nínú orí 1, ẹranko ni Ọlọ́run dá ṣáájú ènìyàn. Nínú orí 2, ó dá ọkùnrin ná, kó tó mọ ẹranko. 2 Sámúẹ́lì 24 ní Olúwa ló ti Dáfídì láti ka àwọn ènìyàn rẹ̀. 1 Kíróníkà 21 ní Sátánì ni. Nínú Mátíù, Júdásì pokùnso. Nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, ó ṣubú lulẹ̀, inú rẹ̀ sì bẹ́. Bíbélì àwọn Àgùdà ní ìwé 73, ti Pùròtẹ́sítáǹtì ní 66, ìjọ méjèèjì sì lè jọ pín ògiri ní Ìdímù. Àkọsílẹ̀ tí ìwé 27 inú Májẹ̀mú Tuntun ti kọ́kọ́ pé gẹ́gẹ́ bí a ṣe mọ̀ wọ́n ni lẹ́tà tí Athanasius, bíṣọ́ọ̀bù Alẹkisáńdíríà, kọ ní 367. Ìpàdé Hippo ní 393 àti ti Carthage ní 397 sì tẹ̀ lé e. Ilẹ̀ Áfíríkà ni ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà, ohun tí wọn kì í sábà sọ fún ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi.

Èyí tó kan Alímọ̀ṣọ́ jù ni Máàkù orí 16. Ẹsẹ 17 àti 18 ni òkúta ìpìlẹ̀ ọ̀pọ̀ ìwàásù ìwòsàn: pé àwọn tó gbà gbọ́ yóò lé ẹ̀mí èṣù jáde, yóò gbé ejò, yóò gbé ọwọ́ lé aláìsàn. Àmọ́ ìwé àfọwọ́kọ méjì tó lọ́jọ́ lórí jù nínú èyí tó kó Bíbélì Gíríìkì jọ, Sinaiticus àti Vaticanus, ti ọ̀rúndún kẹrin, parí Máàkù sí ẹsẹ 8, níbi tí àwọn obìnrin ti sá kúrò níbi ibojì pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Àwọn òǹkọ̀wé ìjọ bíi Jerome àti Eusebius ti mẹ́nu kan án láyé àtijọ́ pé ẹ̀dà púpọ̀ kò ní ẹsẹ 9 sí 20. Ní ìdà kejì, òǹkọ̀wé ìjọ mìíràn, Irenaeus, ti fa ọ̀rọ̀ kan yọ nínú rẹ̀ ní nǹkan bí 180, nítorí náà ó ti pẹ́ nínú ìjọ. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé àfikún ni. Ẹni tó bá gbọ́ èyí lè pariwo pé wọ́n ti tan òun jẹ. Ẹni tó bá ní sùúrù yóò rí i pé ìwòsàn wà nínú 1 Kọ́ríńtì 12 àti Jákọ́bù 5 pẹ̀lú, pé ohun tó yẹ kó mì ni ìgboyà ẹni tó fi ẹsẹ kan ṣoṣo halẹ̀ mọ́ aláìsàn pé kó ju oògùn rẹ̀ nù.

Lórí ọ̀rọ̀ ìdámẹ́wàá ni ìbéèrè méjèèjì ti pàdé ní gbangba. Málákì 3:10 ni gbogbo ènìyàn mọ̀, ó sì máa ń wà lẹ́nu olórin àti aṣọ́nà ṣọ́ọ̀ṣì lópin oṣù tí owó-oṣù bá wọlé. Àwọn tó yíjú sí Diutarónómì 14 bá ohun mìíràn níbẹ̀. Irúgbìn, wáìnì, òróró àti àkọ́bí ẹran ni ìdámẹ́wàá ibẹ̀, ẹni tó mú un wá fúnra rẹ̀ sì ni yóò jẹ ẹ́ níwájú Olúwa. Bí ọ̀nà bá jìn, kó tà á, kó di owó náà mọ́wọ́, kó fi ra ohun tí ọkàn rẹ̀ bá fẹ́, títí kan ọtí líle, kó jẹ kó mu pẹ̀lú ará ilé rẹ̀. Ní ọdún kẹta-kẹta, ọmọ Léfì, àlejò, ọmọ òrukàn àti opó ni wọ́n ń kó o fún. Nehemáyà 13 sì sọ ohun tó wà nídìí ìbínú irú èyí tó wà nínú Málákì: oúnjẹ kò dé ilé ìṣúra mọ́, àwọn ọmọ Léfì ti padà sí oko. Nínú ìjọ Kristẹni, ìpàdé Mâcon ní ilẹ̀ Faransé ní 585 ló ní kí gbogbo ènìyàn san án dandan, Charlemagne sì sọ ọ́ di òfin ìjọba ní 779.

Àwọn tó ń gbèjà ìdámẹ́wàá kò ṣàì ní ohun tí wọ́n lè sọ. Wọ́n ní Ábúráhámù san án fún Melkisédékì kí òfin tó dé, Jésù náà sì sọ nínú Mátíù 23 pé kí àwọn Farisí má fi í sílẹ̀. Ẹni kejì yóò fèsì pé ìkógun ni Ábúráhámù pín, ẹ̀ẹ̀kan péré, àti pé tẹ́ńpìlì ṣì wà nígbà tí Jésù sọ̀rọ̀. Ní nǹkan bí 2017, Ifedayo Olarinde, agbóhùnsáfẹ́fẹ́ tí gbogbo ayé ń pè ní Daddy Freeze, gbé àríyànjiyàn yìí dé orí fóònù àwọn ọ̀dọ́. Wọ́n pè é ní oríṣiríṣi orúkọ. Ní 2024, Pásítọ̀ Enoch Adeboye, olórí Redeemed, tọrọ àforíjì ní gbangba fún bó ṣe ti sọ tẹ́lẹ̀ pé ẹni tí kò bá san ìdámẹ́wàá kò ní dé ọ̀run, ó ní kò sí nínú Bíbélì. Kò ní kí ẹnikẹ́ni má san án mọ́ o. Síbẹ̀, ẹni tó lé ní ọgọ́rin ọdún, tí ọmọ ìjọ rẹ̀ wà káàkiri ayé, ló fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́ yẹn, àpẹẹrẹ tí kò wọ́pọ̀ láàrin àwọn tó wà ní irú ipò rẹ̀.

Àwọn ìbéèrè kan wà tí wọn kì í ti inú ìwé bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án 2014, ilé àlejò Synagogue, Church of All Nations ní Ìkòtún wó, ènìyàn 116 ló kú, àwọn ará South Africa tó wá gbàdúrà ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ìjọ náà tọ́ka sí ọkọ̀ òfurufú kan tó kọjá lókè ilé náà. Adájọ́ tó wádìí ikú wọn (coroner) ní Èkó sọ ní oṣù keje 2015 pé àléébù inú iṣẹ́ ìkọ́lé náà ló wó o. Ìbéèrè tó kù lẹ́nu àwọn onígbàgbọ́ ni bí ibi tí wọ́n ti ń wá ìwòsàn ṣe lè di ibi ikú. Bíbélì ní ọ̀rọ̀ tó bá a mu rẹ́gí, àmọ́ àwọn oníwàásù kì í sábà dé ibẹ̀. Nínú Lúùkù 13, Jésù mẹ́nu kan àwọn méjìdínlógún tí ilé ìṣọ́ Sílóámù wó pa. Ó bi àwọn tó ń gbọ́ bóyá wọ́n rò pé ẹ̀ṣẹ̀ àwọn yẹn ló pọ̀ ju ti gbogbo ará Jerúsálẹ́mù lọ, ó sì ní rárá. Kò fi ikú wọn ṣe ẹ̀rí ẹ̀ṣẹ̀, kò sì dárúkọ ọ̀tá kankan. Diutarónómì 22:8 náà wà: ẹni tó bá kọ́ ilé tuntun, kó mọ ògiri kékeré yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹnikẹ́ni má bàa já bọ́, kí ẹ̀jẹ̀ má sì wà lórí ilé náà. Òfin ìkọ́lé nìyẹn, nínú Tórà. Ẹni tó ka ẹsẹ méjèèjì pọ̀ lè ṣọ̀fọ̀, kó béèrè ìwé àṣẹ ìkọ́lé, kó sì máa gbàdúrà lọ.

Ọ̀rọ̀ obìnrin tún jẹ́ ibì kan tí kíkà tí kò fi ibì kan pamọ́ ti ń yí ìgbàgbọ́ padà. Sẹ̀lẹ́, tí Samuel Bilewu Oshoffa dá sílẹ̀ ní Porto-Novo ní 1947, kì í jẹ́ kí obìnrin tó ń ṣe nǹkan oṣù wọ ilé ìsìn, wọ́n sì ní Léfítíkù 15 lẹ́yìn. Ẹlòmíràn yóò ṣí Máàkù 5, níbi tí obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ti ń ya lára rẹ̀ fún ọdún méjìlá ti fọwọ́ kan aṣọ Jésù láàrin èrò, tí Jésù sì pè é ní ọmọbìnrin òun. Kérúbù náà ní ìtàn tirẹ̀: Moses Orimolade àti ọ̀dọ́mọbìnrin Abiodun Akinsowon ló jọ dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní Èkó ní 1925, kó tó di pé ọ̀rọ̀ ipò olórí pín wọn níyà ní 1929. Ẹni tó bá ń sọ pé obìnrin kò darí ìjọ rí nílẹ̀ Yorùbá, ìtàn ló fò.

Ìwádìí òtítọ́ máa ń gé àwọn tó ń tako ẹ̀sìn náà lọ́wọ́. Ìtàn kan tó ń lọ láti orí fóònù dé orí fóònù ni pé Ọba Constantine ló yan àwọn ìwé inú Bíbélì ní Nicaea ní 325. Kò rí bẹ́ẹ̀: ọ̀rọ̀ bí Jésù ṣe jẹ́ sí Baba ni ìpàdé yẹn dá lé lórí, àkójọ ìwé Bíbélì kò sí lára òfin tó ṣe. Òmíràn ni pé òyìnbó ló mú ẹ̀sìn Kristẹni wọ Áfíríkà. Ezana, ọba Aksum ní Etiópíà, ti di Kristẹni ní ọ̀rúndún kẹrin, nígbà tí púpọ̀ nínú Yúróòpù ṣì ń bọ òrìṣà tiwọn. Ẹ̀sùn tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni ti Bíbélì àwọn ẹrú: ní 1807, wọ́n tẹ ìwé kan ní Lọ́ńdọ̀nù fún àwọn ẹrú erékùṣù Karíbíà, tí wọ́n ti yọ apá tó pọ̀ jù kúrò, títí kan ìtàn bí Ísírẹ́lì ṣe jáde kúrò ní Íjíbítì. Àwọn tó gé e mọ ohun tó wà níbẹ̀. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ègún Hámù, tí wọ́n fi gbe ìkóni lẹ́rú lẹ́sẹ̀: Kénáánì ni Jẹ́nẹ́sísì 9 ní Nóà fi gégùn-ún, Hámù kọ́, kò sì sí àwọ̀ ara kankan nínú ẹsẹ náà.

Lẹ́yìn gbogbo ìtúpalẹ̀ yìí, ohun tó ṣẹ́kù kì í ṣe òfo. Tacitus ará Róòmù kọ ní nǹkan bí 116 pé Pílátù ló pa Kristi. Josephus, tó jẹ́ Júù, mẹ́nu kan Jákọ́bù àbúrò Jésù ní nǹkan bí 93. Lẹ́tà àkọ́kọ́ sí Kọ́ríńtì, tí àwọn onímọ̀ gbà pé Pọ́ọ̀lù kọ ní nǹkan bí 55, ní àkọsílẹ̀ ikú àti àjíǹde tí Pọ́ọ̀lù ní òun náà gbà lọ́wọ́ àwọn tó ṣáájú òun. Ìtàn lè fi hàn pé àwọn ọmọ ẹ̀yìn gbà á gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Kò lè fi hàn pé Ọlọ́run jí òkú. Ibẹ̀ ni ìgbàgbọ́ ti ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìwádìí. Ọ̀pọ̀ ẹni tó tún ìgbàgbọ́ kọ́ fi apá kan sí ààrin, ìyẹn Jésù, ikú àti àjíǹde rẹ̀, àti àánú sí aládùúgbò, wọ́n sì fi ìyókù sí ìta, níbi tí ènìyàn ti lè yí èrò padà láìsọ ara rẹ̀ nù. Ìwé Jóòbù sì ń gbè wọ́n lẹ́yìn. Ní orí 42, àwọn ọ̀rẹ́ tó fi gbogbo ẹnu gbèjà Ọlọ́run ni Ọlọ́run bínú sí, ó ní wọn kò sọ ohun tó tọ́ bí Jóòbù, ẹni tó ti ń bá òun jiyàn láti orí 3.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó béèrè ló padà wọlé. Olùkọ́ kan, Tai Solarin, fi ilé ìwé Molusi College sílẹ̀, ó dá Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní 1956, ilé ìwé tí kò sí ìsìn àràárọ̀ nínú rẹ̀, ó sì wà láìnígbàgbọ́ títí ó fi kú ní 1994. Àwọn mìíràn padà sí Ìṣẹ̀ṣe, tí Ìpínlẹ̀ Èkó náà ti ń fún ní ìsinmi nínú oṣù kẹjọ. Àwọn tó pọ̀ jù lọ kò kéde ohunkóhun. Wọn kò fẹ́ kí ìyá wọn gbọ́ pé àwọn ti di apẹ̀yìndà, wọn kò sì fẹ́ kí alàgbà wá ṣe ààwẹ̀ lé àwọn lórí. Wọ́n ṣì ń wọ ẹgbẹ́jọdá lọ síbi ìkórè, wọ́n ń san owó ẹgbẹ́, wọ́n sì ń fi fóònù ka ohun tí wọ́n ń kà lóru. Ìjọ yóò rí wọn lọ́jọ́ ìgbéyàwó, nígbà tí wọ́n bá nílò ìwé ẹ̀rí pé ọmọ ìjọ ni wọ́n, yóò rí wọn lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ àti lọ́jọ́ ìsìnkú òbí, kò sì ní sí ẹni tó máa bi wọ́n ní ohun tí wọ́n gbà gbọ́.